Kòkòrò VIH ti wà ní ìkáwọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ọkàn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni pẹ̀lú, nítorí owó ìlú àti ètò ìjọba ló wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè kò gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé pẹ̀lú kòkòrò VIH, tó sì ti pé ọmọ 40 ọdún, ó yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n ewu àrùn ọkàn àti àrùn ẹ̀gbà lára rẹ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Kí wọ́n ṣe é níbi kan náà tó ti ń gba oògùn rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ la fẹ́ là sílẹ̀ fún yín.

Àwọn àgbà inú wa rántí bí nǹkan ṣe rí láyé ọdún 1990. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ní sídà, bí ẹni pé wọ́n ti gbẹ́ sàréè rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọdún 2002 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó mú oògùn tó ń ká kòkòrò yìí lọ́wọ́ kò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ni, ní Tógò náà bẹ́ẹ̀. Hóró kan ṣoṣo lójúmọ́ ló tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè gbé ayé rẹ̀, kó ṣòwò, kó dáko, kó bímọ tí kò ní kòkòrò náà, kó sì rí ọmọ-ọmọ. Iṣẹ́ ńlá ni ìjọba, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn ṣe. Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kú ní ọmọ 30 ọdún, ó di dandan kó dàgbà. Bí ó bá sì dàgbà, àrùn àgbà á máa wá a wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń pè ní tánsíọ̀n, àtọ̀gbẹ, àrùn ẹ̀gbà tí àwọn dókítà ń pè ní AVC, àti kí ọkàn dédé daṣẹ́ sílẹ̀: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń dúró dè é lọ́nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé wọ́n ń yára dé bá ẹni tó ní VIH ju ẹni tí kò ní lọ. Àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè jọ ní ọdún 2018 rí i pé ewu àrùn ọkàn lára ẹni tó ní kòkòrò yìí tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Wọ́n tún rí i pé láàárín 20 ọdún, ìpalára tí àrùn ọkàn ń ṣe láàárín àwọn tó ní VIH ní gbogbo ayé ti di ìlọ́po mẹ́ta, apá ńlá rẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín.

Kí ló fa èyí? Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà ń wá.

Àkọ́kọ́ ni kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Oògùn lè tẹ̀ ẹ́ rì títí tí àyẹ̀wò kò fi ní rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara kì í sùn tán. Wọ́n ṣì ń jà lábẹ́lẹ̀, bí iná tó ṣẹ́ kù lábẹ́ eérú. Ìjà yìí ń ha ara àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ibi tó bá ti ha ni ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á fi máa dín díẹ̀díẹ̀.

Ìkejì ni àwọn oògùn kan. Ní ọdún 2008, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní D:A:D fi hàn pé àwọn tó ń lo abacavir lọ́wọ́ ń ní ìdákú ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwọn oògùn àtijọ́ míràn wà tó ń mú ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Dolutegravir tí ọ̀pọ̀ ń lò nísinsìnyí dára gan-an fún kíká kòkòrò lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n ó ń mú ni sanra. Ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún kan, àwọn tó ń lò ó fi nǹkan bí kílò 5 sanra, nígbà tí àwọn tó ń lo oògùn kejì fi kílò 3 sanra. Òótọ́ ni pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àmì pé ara ti ń bọ̀ sípò. Inú wa sì máa ń dùn nílẹ̀ yìí tí a bá rí ẹni tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tó tún sanra. A máa ń ní, «Ara rẹ ti dá!» Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kó dúró sí.

Ìkẹta ni ìgbésí ayé wa, èyí tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Iyọ̀ àti mágí tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Sódàbì ní gbogbo ayẹyẹ. Sìgá àti tábà. Zémìjàn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ọjà, tí ẹsẹ̀ kò fi kan ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí mẹ́ta yìí bá pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, ohun tó bá ojú ti bá imú.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n ewu yìí? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dẹ́rù bà yín. Kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Àjọ Ìlera Àgbáyé tí à ń pè ní OMS tún àwọn àtẹ aláwọ̀ kan ṣe ní ọdún 2019, wọ́n sì ya ayé sí ẹkùn 21. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa ní àtẹ tirẹ̀. Oríṣi méjì ni àtẹ yìí. Ọ̀kan ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ó sì ń béèrè bóyá ẹni náà ní àtọ̀gbẹ. Èkejì kò fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rárá. Nǹkan márùn-ún péré ló ń béèrè: ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ó ń mu sìgá, tánsíọ̀n rẹ̀ jẹ́ mélòó, báwo sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe bá gíga rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin oníṣòwò kan jẹ́ ọmọ 52 ọdún, ó wọn kílò 72, ó sì ga ní mítà 1,60. Nọ́ọ̀sì á fi gíga náà pọ̀ sí ara rẹ̀, yóò jẹ́ 2,56. Yóò wá pín 72 sí 2,56, yóò rí 28. Ẹni tó bá ti kọjá 25 ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá dé 30, ìsanra àìsàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì á wọn tánsíọ̀n rẹ̀, á fi ìka tọ àtẹ náà títí tí á fi dé àpótí kékeré tó jẹ́ ti obìnrin yìí. Nọ́ńbà inú àpótí náà ń sọ pé, nínú 100 ènìyàn tó rí bíi tirẹ̀, mélòó ni àrùn ọkàn tàbí àrùn ẹ̀gbà lè kọlù láàárín ọdún 10. Àwọ̀ ewé ni ti ẹni tí ewu rẹ̀ kò tó 5. Àwọ̀ ìyeyè ni láti 5, àwọ̀ ọsàn láti 10, àwọ̀ pupa láti 20. Láti 30 lọ sókè, pupa rẹ̀ á dúdú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ̀ ọ́n: kò sí àyè fún VIH nínú àtẹ náà. Bó ṣe máa díwọ̀n ẹni tí kò ní kòkòrò ló ṣe máa díwọ̀n ẹni tó ní in. Àwọn àtẹ míràn tí ayé ń lò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ti wá láti ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ará ìlú 5.209 láti ọdún 1948, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òyìnbó ni gbogbo wọn. Àwọn D:A:D tí a dárúkọ ṣe tiwọn fún ẹni tó ní VIH, àmọ́ Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni àwọn tí wọ́n fi ṣe é ń gbé. Nítorí náà, nọ́ńbà tí àtẹ bá fún ẹni tó ní VIH, kí á kà á sí ibi tí ewu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí á má ṣe kà á sí òpin rẹ̀. Kí á má sì torí àwọ̀ ewé fi tánsíọ̀n sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí tánsíọ̀n rẹ̀ bá ń jẹ́ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ míràn tí kò yí padà, ìtọ́jú ló kàn, àwọ̀ yòówù kí àtẹ fi hàn.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan tó ń jẹ́ REPRIEVE jáde. Àwọn 7.769 tó ní VIH ló kópa nínú rẹ̀, láti ọmọ 40 ọdún sí 75, tí àtẹ sọ pé ewu ọkàn wọn kò pọ̀. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn kan lára àwọn tí à ń pè ní statin, tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Wọ́n fún ìdajì yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún 5. Láàárín àwọn tí kò lo oògùn náà, nínú 1.000 ènìyàn, àwọn tí àrùn ọkàn tàbí ẹ̀gbà kọlù lọ́dún kan lé díẹ̀ ní 7. Láàárín àwọn tó lò ó, wọn kò pé 5. Ìdá 35 nínú 100 ló fi dín kù. Ìyẹn fi hàn pé àwọn tí àtẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé ní àlàáfíà, iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe fún wọn. Ní ọdún 2024, àwọn Amẹ́ríkà yí ìlànà tiwọn padà: ẹni tó ní VIH, tó jẹ́ ọmọ 40 ọdún sí 75, tí ewu rẹ̀ bá ti dé 5 nínú 100, kí wọ́n fún un ní statin.

Gúúsù Áfíríkà, Botswana, Uganda àti Zimbabwe wà nínú ìwádìí náà. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó dùn wá. Àwọn yunifásítì wa ní dókítà, wọ́n ní ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn wa kò ṣàì tó. Ẹni tí kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn, wọn kì í kà á mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan.

Ṣùgbọ́n kí á tó lọ síwájú, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa. Àkọ́kọ́: kí ẹnikẹ́ni má torí ìbẹ̀rù àrùn ọkàn fi oògùn VIH rẹ̀ sílẹ̀ o! Wọ́n ti dán an wò rí. Ìwádìí SMART, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, kó ènìyàn 5.472 jọ, wọ́n ní kí àwọn kan máa dá oògùn dúró nígbà tí ara bá ti le, kí àwọn kan máa lò ó lọ láìdúró. Àwọn tó ń dá a dúró ló kú jù, àwọn náà ni àrùn ọkàn kọlù jù. Oògùn VIH ni ààbò àkọ́kọ́ fún ọkàn. Bí ọ̀kan kò bá bá ara rẹ mu, dókítà lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìkejì: ẹ má ra oògùn ọkàn tàbí ti àtọ̀gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Statin kan wà tó ń jẹ́ simvastatin. Bí ẹni tó ń lo oògùn VIH tó ní ritonavir nínú bá gbé e mì, ó lè ba iṣan ara rẹ̀ jẹ́. Metformin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, dolutegravir máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ẹni tó ń ta oògùn nínú agbọ̀n kò mọ èyí. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún nọ́ọ̀sì yín, àgbo náà wà nínú rẹ̀.

Ó wá kan ìjọba. Bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wa, ẹnu ọ̀nà méjì ni aláìsàn kan ṣoṣo ń kàn. Ní ẹnu ọ̀nà VIH, oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà tánsíọ̀n àti àtọ̀gbẹ, owó àpò rẹ̀ ni yóò fi ra oògùn, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó ní VIH. Òun náà kò ní fẹ́ sọ fún wọn. Iṣẹ́ ọkàn wá já sí àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kò sí ẹni tó gbé e.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ibi tí owó ti ń wá ni. Fonds mondial àti àwọn àjèjì míràn ló ń san apá púpọ̀ nínú owó VIH, ohun tí wọ́n sì fowó sí náà ni wọ́n ń béèrè ìṣirò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè nípa tánsíọ̀n. Ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, gbogbo Áfíríkà sì rí i pé ẹni tó gbójú lé ogún àjèjì fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Láti ọdún 2001 ni àwọn olórí Áfíríkà ti búra ní Àbújá pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn ni àwọn yóò máa ná sórí ìlera. Ìlérí náà ṣì wà nílẹ̀. A rán wọn létí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Wọ́n á ní ibà ń pa ọmọdé, ìyá ń kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ènìyàn díẹ̀. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan tí ìlú ti fún ní oògùn fún ọdún 15 tàbí 20, tí àrùn ẹ̀gbà wá dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí pé kò sẹ́ni tó wọn tánsíọ̀n rẹ̀: gbogbo owó àti làálàá àtẹ̀yìnwá ti dà sómi. Ẹni náà kì í sì í ṣubú nìkan. Ìyàwó rẹ̀ á fi ìsọ̀ sílẹ̀ láti máa gbé e wẹ̀, ọmọ rẹ̀ á kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn tánsíọ̀n àti okùn tí wọ́n fi ń wọn ìbàdí kò wọ́n tó ohun tí a ń ná níbi ìsìnkú kan ṣoṣo. Kò sì sọ pé kí á gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tàbí àwọn aboyún.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè nìyí. Lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìlera ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò: kí wọ́n fi ìlà márùn-ún kún ìwé ẹni tó ń gba oògùn VIH, tánsíọ̀n, ìwọ̀n, ìbàdí, tábà àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ wọ́n síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí wọ́n lẹ àtẹ ẹkùn wa mọ́ ara ògiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fún ni lóògùn yìí, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kà á. Kí oògùn tánsíọ̀n tí kò wọ́n, bí amlodipine, àti statin tó bá oògùn VIH mu, wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Lọ́wọ́ àwọn maire wa: kí wọ́n fi ẹ̀rọ tánsíọ̀n àti bátìrì rẹ̀ sínú ìṣúná kọmúùnù. Ilé ìwòsàn zone wà ní Pọ́bẹ̀ fún Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Adja-Ouèrè; ó wà ní Ṣábẹ; ti ẹ̀ka Ouémé àti Plateau wà ní Àjàṣẹ́. Kò yẹ kí ẹni tí àtẹ rẹ̀ pupa ní láti ná owó ọkọ̀ lọ sí Kútọnú kó tó rí ẹni tó máa gbọ́ ohùn ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè wa, tiyín wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè ṣe é. Nígbà tí ẹnì kan bá ṣubú lójijì nílùú, ọ̀rọ̀ tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé ayé ló ta á lọ́fà. Bí wọ́n bá sì mọ̀ tàbí tí wọ́n fura pé ó ní VIH, wọ́n á ní àìsàn yẹn náà ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ń pa ènìyàn. Ẹ bá wa sọ ọ́ níwájú ìlú pé bí ẹnu ẹnì kan bá dédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò gbé sókè mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yéni mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ ibikíbi míràn.

Ẹ sì bá wa ṣọ́ àṣírí. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006 lórí VIH kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí aláìsàn tàbí kó yà á sọ́tọ̀. Nítorí èyí, a kò ní gbà kí wọ́n to àwọn tó ní VIH sí ìlà tiwọn níta láti wọn tánsíọ̀n. Gbogbo ìlú ni kí á wọn tirẹ̀ pa pọ̀. Ní ọjọ́ ọdún ìlú, ní ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, kí tábìlì kan wà, kí nọ́ọ̀sì kan jókòó, kí ọba àti àwọn olóyè kọ́kọ́ na ọwọ́ tiwọn sílẹ̀. Tí baálẹ̀ bá ti ṣe é, ta ló máa tijú? Ẹni tó ní VIH á wọn tirẹ̀ láàárín èrò, ẹni tí kò ní á wọn tirẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ ta ni ta. Ohun tó jẹ́ àṣírí, kó dúró sínú yàrá nọ́ọ̀sì.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa yóò kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí sí gbogbo kọmúùnù tí àwọn ènìyàn wa wà. Àwa yóò tẹ ìdáhùn tó bá wá sínú ìwé ìròyìn yìí, èyí tí kò bá sì wá, a ó kọ ọ́ pé kò wá. Nígbà tí àwọn tó ń wá ìbò bá tún dé àgbàlá yín, ẹ gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ní ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń gba oògùn VIH, ṣé ẹ̀rọ tánsíọ̀n wà níbẹ̀, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́?